Ohun-Ìṣeré Aparadà: Ìnira Rẹ̀ àti Èrè Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ eré náà sì ni. Ṣùgbọ́n eré ni ọmọdé fi ń kọ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fojú tín-ín-rín eré ọmọdé, apá kan nínú ẹ̀kọ́ ọmọ náà ni ó fojú tín-ín-rín.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ọmọlangidi oníke tí ó jẹ́ ọkọ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n tí a bá ká ibì kan níbẹ̀, tí a yí ibì kan, tí a sì fa ibì kan yọ, yóò di òmìrán tí ó fi ẹsẹ̀ méjì dúró. Ohun-ìṣeré yìí kò mọ sí ìgboro mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìṣesí àwa ará Ìbàdàn mọ̀ pé agboolé wa nílé kì í jìnnà sí abúlé wa lóko. Bí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi, bí ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹrù a máa ti ìgboro àti Èkó wọ Mọníyà àti Akínyẹlé, a máa wọ Ìyànà-Ọfà àti Lálúpọn, a máa wọ Ẹgbẹ́dá, Ẹrùnmu àti Akánrán. Nínú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ohun-ìṣeré wọ̀nyí máa ń wà, òmíràn titun nínú páálí, òmíràn tòkunbọ̀ tí kò ní páálí rárá.

Kì í pẹ́ tí ẹjọ́ fi ń tẹ̀lé e. Ọmọ á fi ipá ṣí i, apá rẹ̀ á kán, òbí á sì na ọmọ nítorí pé ó ba ohun olówó iyebíye jẹ́. Bí ọmọ mìíràn bá gbé tirẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, olùkọ́ á gbà á, á tì í mọ́ inú àpótí títí di ìparí sáà. Òbí àti olùkọ́ ń dá ẹjọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà bèèrè: ta ni ó kọ́ ọmọ náà bí a ti ń ṣí i, èdè wo ni ó sì fi kọ́ ọ? Èrò mi ni pé inú ìnira ohun-ìṣeré yìí gan-an ni èrè rẹ̀ wà, bí àgbàlagbà bá wà nítòsí tí ó lè fi èdè tí ó yé ọmọ là á lọ́nà. Níbi tí kò bá ti sí àlàyé, agbára nìkan ni ó kù fún ọmọ láti lò, agbára ni í sì í kán an.

Orúkọ rẹ̀ àti orírun rẹ̀

Mo pè é ní ohun-ìṣeré aparadà nítorí pé ìparadà ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè é ní róbọ́ọ̀tì. Ọ̀rọ̀ yìí náà ní ìtàn. Inú ìwé eré-oníṣe kan tí Karel Čapek, òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Czech, kọ ní 1920 ni ó ti kọ́kọ́ jáde sí gbangba. Josef, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ó sì dábàá rẹ̀ fún un. Wọ́n fà á yọ láti inú ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún iṣẹ́ àfipáṣe ní èdè wọn, irú iṣẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ máa ń ṣe ní tipátipá fún olówó ilẹ̀ láyé àtijọ́.

Ilẹ̀ Jàpáàn ni àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọlangidi wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Takara bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀wọ́ kan tí ó pè ní Diaclone ní 1980. Ilé-iṣẹ́ Hasbro ní Amẹ́ríkà bá Takara ṣe àdéhùn, ó kó irú àwọn ọmọlangidi bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n ní 1984 lábẹ́ orúkọ Transformers. Ọdún kan náà ni eré àwòrán wọn bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Ní ti Nàìjíríà, àwọn tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà tí NTA ń fi eré Voltron hàn kò ní gbàgbé àwọn kìnnìún onírin márùn-ún tí ń so pọ̀ di òmìrán kan ṣoṣo. Fíìmù Transformers tí ó jáde ní 2007 tún sọ ọ̀rọ̀ náà di titun fún àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà yẹn. Àfarawé wọn lóríṣiríṣi sì kún ọjà wa títí di òní.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Bí a bá fi ara balẹ̀ wo ohun-ìṣeré aparadà, a ó rí i pé kò sí idán kankan níbẹ̀. Oríkèé ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí, oríkèé náà kò sì ju oríṣi mẹ́rin pàtàkì lọ.

Èkínní ni oríkèé aṣípadé. Ó rí bí irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí tí ó sì fi ń padé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń gbà lọ tí ó sì ń gbà bọ̀, gẹ́gẹ́ bí orúnkún wa ti ń ká sẹ́yìn tí kì í ká síwájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ká a sí ọ̀nà mìíràn ń wá ọ̀nà àtiṣẹ́ ẹ ni.

Èkejì ni oríkèé olóríroboto. Orí róbótó kan jókòó nínú ihò tí ó gbà á régí, ó sì lè yí síwá, sẹ́yìn àti sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tí ó bá ti bá wọn kun ẹran Iléyá ti rí irú rẹ̀ rí: bẹ́ẹ̀ ni eegun itan àgbò ṣe jókòó sínú ihò ìbàdí. Bí a bá fà á jù, yóò bọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́ padà, yóò tún wọlé.

Ẹ̀kẹta ni oríkèé afàyọ. Ó ń wọlé, ó ń jáde, bí idà nínú àkọ̀ tàbí bí inú páálí ìṣáná. Òun ni ó ń mú kí ẹsẹ̀ tí ó kúrú nígbà tí ó jẹ́ ọkọ̀ gùn nígbà tí ó bá di ènìyàn. Ìrora àwọn ọmọ pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ojú kì í tètè rí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé nǹkan wà nínú kò ní fà á.

Ẹ̀kẹrin ni èèkàn àti ihò. Eléyìí kì í yí, kì í ká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ohun gbogbo mú bí wọ́n bá ti dé àyè wọn. Bí bọ́tìnnì ẹ̀wù tí a ń tẹ̀ mọ́ra wọn ni ó rí. Etí ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí ó bá wọlé, ìró náà sì ni ẹ̀rí pé a ti ṣe é bí ó ti yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo Optimus Prime, ọkọ̀ akẹ́rù tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàrin wọn. Nínú èyí tí wọ́n tà ní 1984, iwájú ọkọ̀ níbi tí awakọ̀ ń jókòó ni ó ń di àyà òmìrán náà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ń di ẹsẹ̀, orí sì fara pamọ́ sínú títí a ó fi ṣí i síta. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò sí lára ọkọ̀ náà rárá. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni wọ́n, a sì ní láti kì wọ́n bọ ọrùn-ọwọ́ nígbà tí ó bá di ènìyàn. Ẹ̀yà kékeré tí ó dá dúró báyìí, ẹ mọ ohun tí í máa ń ṣẹlẹ̀ sí i lọ́wọ́ ọmọdé. Òmìrán aláìlọ́wọ́ kò ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn tòkunbọ̀.

Ìnira rẹ̀

Ìnira àkọ́kọ́ ni ti ètò. Bí a kò bá tí ì gbé apá kúrò lọ́nà, orí kò ní rí ibi gbà jáde. Bí a kò bá tí ì fa ẹsẹ̀ gùn, kò ní ṣeé yí. Ọ̀nà tí ó tọ́ lè ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tàbí ogún, bí a bá sì fo ẹyọ kan, ìyókù á dí. Ọmọ kò ní mọ̀ pé ìgbésẹ̀ kẹta ni òun ti ṣìnà. Ìgbésẹ̀ kẹjọ ni yóò máa bá jà.

Ìnira kejì ni pé àbọ̀ le ju àlọ lọ. Láti sọ ọkọ̀ di ènìyàn rọrùn, nítorí pé bí apá bá wọ́ díẹ̀, ènìyàn ni yóò ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ènìyàn padà di ọkọ̀, gbogbo pátákó ara rẹ̀ ni ó gbọdọ̀ bá ara wọn mu régí. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, ilẹ̀kùn á yanu sílẹ̀, táyà kan á gbé kúrò nílẹ̀, èèkàn kò sì ní wọ ihò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bínú tì í.

Ìnira kẹta wá láti ara ike tí wọ́n fi ṣe é. Ike ní sùúrù tirẹ̀, sùúrù náà sì ní òpin. Bí a bá rí ìlà funfun níbi tí ike ti tẹ̀, ó ń kìlọ̀ fún wa pé inú rẹ̀ ti ń ya. Oòrùn a máa sọ ike di gbígbẹ kan-án-kan-án, nítorí náà ohun-ìṣeré tí a fi sílẹ̀ sí ojú fèrèsé tàbí sí àgbàlá láti ọjọ́ dé ọjọ́ yóò tètè kán ju èyí tí ó wà nínú ilé lọ. Oríkèé tí a sì ń yí lójoojúmọ́ a máa fẹjú, òmìrán náà á wá dà bí ọ̀mùtí, kò ní lè dúró mọ́. Èyí ní àtúnṣe: àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò a máa fi díẹ̀ nínú ọ̀dà tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná kun orí oríkèé olóríroboto náà, wọn á jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó tún kì í bọ ihò. Orí náà á sanra díẹ̀, ihò á sì tún dì í mú.

Ìnira kẹrin ni ó kan èmi olùkọ́ èdè jù. Ìwé ìlànà tí ó bá a wá, bí ó bá tilẹ̀ bá a wá, àwòrán ni ó kún inú rẹ̀ pẹ̀lú ọfà oríṣiríṣi; bí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, èdè àwọn tí ó ṣe é ni tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọfà kan lè túmọ̀ sí pé kí a yí i, ó lè túmọ̀ sí pé kí a fà á, ó sì lè túmọ̀ sí pé kí a tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún méje ní Akánrán kò ní ẹni tí yóò bi.

Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un kí a tó kúrò níbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kò ṣeé fi falẹ̀. Ohun-ìṣeré tí ó ní ẹ̀yà wẹ́wẹ́ kò yẹ fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta, ẹni tí ohun gbogbo ṣì ń lọ sí ẹnu rẹ̀. Òmíràn sì ń lo bátìrì pẹlẹbẹ tí ó rí bíi bọ́tìnnì. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀fun rẹ̀ láàrin wákàtí díẹ̀. Kí a má ṣe retí pé yóò bá ìgbẹ́ jáde. Ilé-ìwòsàn ni kí a sáré gbé ọmọ náà lọ.

Èrè rẹ̀

Ẹnì kan lè wí pé bí ìnira rẹ̀ bá pọ̀ tó báyìí, kí ni a ń fi í ṣe? Èsì mi ni pé ohun tí ó rọrùn kò kọ́ ọwọ́ ní nǹkan kan. Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. A máa ń pa òwe yìí fún ọmọ, ọmọ á sì dáhùn pé òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ohun-ìṣeré aparadà mú, ìka rẹ̀ ni yóò gbọ́ òwe náà. Yóò mọ ìyàtọ̀ láàrin oríkèé tí ó le nítorí pé ó jẹ́ titun àti oríkèé tí ó le nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ kọ́ ni a ń gbà. Mẹkáníìkì tí ń tú ẹ́ńjìnnì, télọ̀ tí ń yí aṣọ padà, dókítà tí ń to eegun tí ó yẹ̀, ìmọ̀ yìí ni gbogbo wọn fi ń jẹun.

Èrè kejì ni pé ọmọ ń kọ́ láti máa fi ọkàn rí ohun tí ojú kò tí ì rí. Ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé ẹsẹ̀ ni. Olùkọ́ ìṣirò mọ bí ó ti ṣòro tó láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ yìí.

Èrè kẹta ni ìgboyà láti padà sẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá dí, kò sí ohun tí ó kù ju kí a yí ìgbésẹ̀ mẹ́ta padà, kí a sì wo ibi tí a ti ṣì í. Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò ní ya ìwé rẹ̀ nígbà tí ìṣirò bá ṣòro. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Ernő Rubik gbè é lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ ni ní ìlú Budapest nígbà tí ó ṣe àpótí kékeré aláwọ̀ mẹ́fà tí à ń yí ní 1974. Nígbà tí ó da àwọ̀ rẹ̀ rú tán, bí oṣù kan ni ó gbà á kí òun fúnra rẹ̀ tó lè tò ó padà. Bí ẹni tí ó dá nǹkan sílẹ̀ bá lè fi oṣù kan wá ojú rẹ̀, kí ni ìdí tí a ó fi na ọmọ tí ó lo ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ wa mu ju bí a ti rò lọ. Ìka ọmọ ni ó lè wọ ibi tóóró tí oríkèé fara pamọ́ sí. Àgbàlagbà ni ó ní sùúrù àti ọ̀rọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó ti nǹkan yìí, ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì yóò mú wá.

Ìparadà kò ṣàjèjì sí wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni wọ́n ti ń sọ ohun kan di òmíràn. Iṣẹ́ eégún alárìnjó, àwọn apidán, ni èyí láti ayé ọjọ́un. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin. Wọ́n ṣe eré fún un. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé àwọn kan kọ́kọ́ jó nínú àpò, lẹ́yìn náà ni òjòlá ńlá kan jáde, àti pé ní ìkẹyìn, aláwọ̀ funfun kan yọ láti inú àpò, tí ó ń fín áṣáà, tí ó sì ń rìn bí òyìnbó tí ó bọ́ bàtà tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Clapperton rí ara rẹ̀ nínú eré! Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn fi ìtàn àwọn alárìnjó yìí ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1969, ó sì là wá lójú púpọ̀ nípa wọn.

A kò ní tú àṣírí awo níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí lójú agbo ni pé aṣọ onídán ní inú, ó sì ní òde. Bí ó bá yí i padà lórí ara rẹ̀, àwọ̀ mìíràn ni yóò jáde. Bí ó bá ṣi ìgbésẹ̀ kan, aṣọ á lọ́ mọ́ ọn lára, ojú á sì tì í níwájú ìlú. Nítorí náà, láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Bákan náà ni gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìhà Kétu àti Yewa. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà a máa gbẹ́ ère sórí òmíràn nínú àwọn igi gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọn á sì so okùn mọ́ ọn, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ bá fa okùn náà, ère orí igi á mira. Àjọ UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá ọmọ aráyé.

Ní ti àwọn ọmọ abúlé fúnra wọn, ta ni kò mọ mọ́tò agolo? Agolo sadíìnì ni ara rẹ̀, àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tí ó ti gbó ni táyà, igi ìgbálẹ̀ tàbí sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni ó so táyà méjì pọ̀, ọ̀pá gígùn sì ni wọ́n fi ń tì í káàkiri abúlé. Wọ́n ń fi pòpórò àgbàdo ṣe ọkọ̀ àti awò ojú, wọ́n sì ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ṣe fèrè. Ìyàtọ̀ pàtàkì wà láàrin mọ́tò agolo àti èyí tí a rà lọ́jà. Bí táyà mọ́tò agolo bá yọ, ẹni tí ó ṣe é mọ bí yóò ti dá a padà, nítorí pé kò sí ibi tí ó pamọ́ fún un nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ti ṣe mọ́tò agolo rí kò bá ọmọlangidi aparadà pàdé ní òfìfo. Ó ti mọ ohun tí oríkèé jẹ́ kí ó tó rí oríkèé oníke. Àwa àgbà ni a kò rí i pé ìmọ̀ kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi là á lọ́nà

Èdè Yorùbá lọ́rọ̀ púpọ̀ fún ìṣe ọwọ́. A ń yí nǹkan, a ń lọ́ ọ, a ń ká a, a ń nà án, a ń fà á, a ń tì í, a ń kì í bọ ihò, a ń yọ ọ́, a ń so ó, a ń tú u, a ń dojú rẹ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi wọ́n ṣe ìlànà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan tí ó lè fa ìjàm̀bá. Bí àgbàlagbà bá wí pé “Ṣẹ́ ẹ po,” ó ní kí ọmọ ká nǹkan náà léra ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá gbọ́ “po” tí ó wà lẹ́yìn, “Ṣẹ́ ẹ” ni ó kù, ọmọ á sì ṣẹ́ ẹ! “Ká a” ni kí a lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni “tẹ̀”: a ń tẹ bọ́tìnnì, a sì ń tẹ irin kí ó lè wọ́. Bí a bá fẹ́ ti àkọ́kọ́, kí a wí pé “Fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé títí yóò fi dún.”

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì tún wà níbẹ̀. Bí òmìrán bá dojú kọ ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ta ni a ń wí? Ọ̀nà tí ó dára ni kí a kọ́kọ́ wí pé “Jẹ́ kí ó kọ ẹ̀yìn sí ọ.” Láti ìgbà náà lọ, ọ̀tún ọmọ àti ọ̀tún ọmọlangidi di ọ̀kan.

Bóyá ẹlòmíràn ń rò ó pé èdè wa kò lè gbé irú ìmọ̀ ẹ̀rọ báyìí. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Èdè tí ó gbé sáyẹ́ǹsì lè gbé òmìrán oníke.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Bí ọmọ bá gbé ohun-ìṣeré aparadà wá sí ilé-ìwé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tì í mọ́ àpótí títí di ìparí sáà. Ẹ gbà á títí di wákàtí ẹ̀kọ́ Yorùbá, kí ẹ sì sọ ọ́ di ohun-èlò ìkọ́ni. Kí ọmọ tí ó ni ín dúró níwájú kíláàsì, kí ó ṣe ìgbésẹ̀ kan, kí àwọn yòókù sọ ohun tí ó ṣe ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Kí akọ̀wé kíláàsì kọ gbólóhùn náà sójú pátákó pẹ̀lú nọ́ńbà. Bí ó bá parí, kí ẹ pe ọmọ tí kò fọwọ́ kan nǹkan náà rí, kí ó máa tẹ̀lé ohun tí ó wà lójú pátákó nìkan. Níbi tí ó bá ti há, ẹ má ṣe bá a wí. Gbólóhùn ni ó ní àbùkù. Kí gbogbo kíláàsì tún un ṣe. Kí wọ́n sì kọ ìlànà àbọ̀ náà, kí wọ́n lè rí i pé a kò lè ka ìlànà àlọ sẹ́yìn lásán kí ó sì di ti àbọ̀.

Níbi tí kò bá ti sí ọmọlangidi kankan, ohun-èlò kò wọ́n wa. Páálí ìṣáná ni oríkèé afàyọ. Páálí ńlá tí a gé ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ kẹrin sì di ara rẹ̀ mú ni oríkèé aṣípadé. Pòpórò àgbàdo méjì tí a fi igi ìgbálẹ̀ gún pọ̀ ni apá àti ìgbọ̀nwọ́. Kí àwọn ọmọ fi wọ́n ṣe aparadà tiwọn, kí wọ́n sì kọ ìwé ìlànà rẹ̀ fún kíláàsì kejì.

Fún àwọn òbí, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Kí ẹ tó fi nǹkan náà lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ jókòó tì í fún ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ wá oríkèé rẹ̀, ẹ sọ orúkọ wọn fún un, ẹ fi hàn án ibi tí ó ń yí sí àti ibi tí kò gbọdọ̀ yí sí. Ẹ fún un ní agolo kan tí yóò máa kó ẹ̀yà wẹ́wẹ́ sí. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ó bá ṣì kán, ẹ jẹ́ kí òun àti yín wo ibi tí ó ti kán, kí ẹ sì bi í pé ìgbésẹ̀ wo ni ó ṣe gbẹ̀yìn. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn ti jèrè owó tí ẹ fi rà á.

Ìjíròrò wa tòní parí síbí. Bí ẹ bá dán ẹ̀kọ́ orí pátákó yìí wò ní kíláàsì yín, ẹ kọ ìlànà tí àwọn ọmọ bá ṣe ránṣẹ́ sí wa, kí a lè yẹ èdè inú rẹ̀ wò pọ̀. Ó dìgbà kan ná.